Yàrá Òkè Tí Ògbójú Kò Wọ̀

"Ògbójú, gòkè lọ bá mi wo yàrá òkè," ni àǹtí rẹ̀ wí, ó na fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ilé sí i. "Orúnkún mi yìí ò lè gun àtẹ̀gùn."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Ìjì ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ti ká páànù ilé náà lọ, omi ṣì ń kán tó, tó, tó láti àjà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ pé ẹ̀rù ń ba Ògbójú? Ọjọ́ tó fi ìgbálẹ̀ pa ejò kékeré kan ní kíláàsì, tí àwọn ọmọkùnrin ń fò sórí tábìlì, ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ. Tirẹ̀ kò rò ó dé ìdí àtẹ̀gùn yìí o.

Iṣẹ́ àǹtí rẹ̀ ni kí ó yẹ ilé àtijọ́ tí ìjì bàjẹ́ wò kí ìjọba tó fi katakata wó o. Bí ohun ìtàn kan bá wà níbẹ̀, wọn yóò dá ilé náà sí. Bí kò bá sí, yóò fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì kọjá ara wọn sára ilẹ̀kùn. Ó pin nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yọ̀ ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ló fi mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání.

Ògbójú gun ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Ní ìkeje, pákó ké lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dà bíi pé gbogbo ilé mì. Ó rọ̀ mọ́ ògiri, ó dijú, ó ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Kò sí nǹkan kan, Àǹtí. Yàrá òfìfo ni."

"O wo gbogbo ògiri?"

"Háà, Àǹtí! Ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni? Èmi Ògbójú!"

Àǹtí rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà pupa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, katakata ti ń kùn lẹ́yìn ilé nígbà tí ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá tilẹ̀ dé. Òun ló ni ilé náà; ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ lẹ́yìn ìjì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ rí ògiri ìyá mi lókè? Agbẹ̀bí ni. Gbogbo ọmọ tó gbẹ̀bí wọn ládùúgbò yìí fún ogójì ọdún, ara ògiri yẹn ló kọ ọjọ́ ìbí wọn sí. Tèmi ló kọ́kọ́ kọ, lápá òsì. Ó ya òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ tèmi."

Àǹtí yíjú sí Ògbójú. "Ṣebí o ní yàrá òfìfo ni?"

Bí Ògbójú bá jẹ́wọ́, ẹ̀sín dé. Ó ṣì ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí katakata gbé ọwọ́ irin rẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ mọ́ ilé. Gbìì!

"Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!" Ògbójú sáré bọ́ síwájú katakata. "Mi ò wọ yàrá yẹn! Ẹ̀rù bà mí, Àǹtí! Irọ́ ni mo pa!"

Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. "Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Eruku rọlẹ̀. Ìdajì yàrá òkè ti lọ. Lára ògiri tó kù, ìlà àkọsílẹ̀ pọ̀ lọ bẹẹrẹ: ọjọ́, oṣù, "ọkùnrin", "obìnrin", "ìbejì".

Àǹtí rẹ̀ kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dun Ògbójú. "Ká ní o sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni, à bá wá àkàbà, ká yọjú láti ojú fèrèsé."

Ó fi ọ̀dà funfun pa àmì pupa náà rẹ́. Wọn kò ní wó ilé náà mọ́. Ṣùgbọ́n apá òsì ògiri ló ti lọ. Ìyá arúgbó náà ń fi ọ̀pá tú àwókù, Ògbójú kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa èérún. Wọ́n rí ìdajì òdòdó kan. Wọn kò rí ọjọ́ ìbí.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Ògbójú wí, ó ń sunkún.

"Ọmọ mi, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èmi náà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wọ̀ lọ́jọ́ ìjì. Irọ́ tí o fi bo ẹ̀rù rẹ ló wó ògiri mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n dé ilé mìíràn. Ògbójú dúró ní ìdí àtẹ̀gùn.

"Àǹtí," ó wí, "ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ ká wá àkàbà."