Ìdajì Mẹ́ta

"Ìdajì tèmi dà?"

Ohun tí Doña Lucrecia, ìyá aránṣọ kan, fi kí Yurani láàárọ̀ nìyẹn, kò tilẹ̀ tíì gbé àpò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Yurani, ọmọbìnrin tó dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní ìlú Medellín ní Kòlóńbíà, ń mu kọfí lọ́wọ́. Ètò orí fóònù ló ṣe, tí àwọn olóko òdòdó fi ń tajà fún ará ìlú.

"Ìdajì kí ni, màmá?"

"Ìdajì ilé-iṣẹ́ yìí! Wilmar ti tà á fún mi. Gbogbo ohun tí mo ránṣọ kó jọ láyé mi ló lọ síbẹ̀."

Kọfí pá Yurani lórí. Wilmar ló fi ṣe alárinà pé kó bá òun wá olùdókòwò. Kò ní kó ta ìdajì fún ẹnikẹ́ni. Kó tó wúkọ́ tán, Don Evelio, rẹfirí bọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì, ti wọlé, òun náà ń béèrè ìdajì. Oníṣègùn eyín kan tẹ̀ lé e, ìdajì lòun náà rà.

"Ìdajì mélòó ló ń bẹ nínú odidi kan ná?" ni oníṣègùn eyín bi wọ́n.

Wọ́n pe Wilmar títí, kò gbé e. Yurani gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ. Betsabé, ọ̀gá ọlọ́pàá obìnrin, gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ojúkòkòrò rẹ̀ la ó fi mú un."

Ó kọ̀wé sí Wilmar lórí fóònù bí opó olówó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí ọkùnrin náà fi dé ilé kọfí tó wà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ orí wáyà, èyí tó ń gbé èrò lójú òfuurufú lọ sórí òkè. Ó wọ ẹ̀wù kóòtù, lọ́fínńdà ń ta sánsán lára rẹ̀, ó jókòó síwájú Betsabé tó múra bí opó.

"Señora, ìdajì tó ṣẹ́ kù nìyí. Ẹ tètè o, àwọn kan ti ń lé e bọ̀."

Don Evelio ti bá ọlọ́pàá wá ba dè é níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò gbà á mọ́ lẹ́yìn ìwé ìròyìn tó fi bojú. Ó fa fèrè yọ, ó fọn ọ́n fíìì! "Olè!"

Wilmar dojú tábìlì dé, ó fò jáde. Ọwọ́ Betsabé kan kóòtù rẹ̀, kóòtù ló kù sí i lọ́wọ́. Wilmar sáré wọ ibùdókọ̀, ó bẹ́ sínú ọkọ̀ tó ń gòkè, ilẹ̀kùn pa dé. Ó juwọ́ sí wọn láti ojú fèrèsé.

"Ó dàbọ̀ o, ọlọ́pàá!"

Ìgbà tó yíjú padà ló rí Doña Lucrecia. Wọ́n ti ní kí màmá dúró sí ibùdókọ̀ kó má baà fara pa; bó ṣe rí Wilmar tó ń sáré bọ̀, ó tẹ̀ lé e wọnú ọkọ̀ kí ilẹ̀kùn tó pa dé.

"Jókòó, ọmọ mi. Owó mi dà?"

"Owó wo, màmá?"

Màmá fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ọkọ̀ mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ lókè òrùlé àwọn ilé. Wilmar di ìjókòó mú.

"Ẹ má mì í! Òkè ń bà mí lẹ́rù!"

"Ṣé kí n tún un mì?"

"Ó wà nílé àbúrò mi! Nínú fìríìsà, lábẹ́ ẹran! Ti gbogbo wọn ló wà níbẹ̀! Èmi ni mo lù wọ́n ní jìbìtì, Yurani ò mọ̀ sí i!"

Betsabé ti pe àwọn ọlọ́pàá sí ibùdókọ̀ tó wà lókè, wọ́n ti ń dúró. Wilmar fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Ẹ mú mi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan ilẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ti dé, ó tutù bíi yìnyín. Oníṣègùn eyín gba tirẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Don Evelio jókòó, ó ń gbá tirẹ̀ mọ́ra bí ọmọ ìkókó. Yurani bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n foríjì òun, omi lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Doña Lucrecia dá owó tirẹ̀ padà sórí tábìlì.

"Mo ti wo iṣẹ́ rẹ, ó wù mí. Ìpín tòótọ́ wo lo lè fún mi?"

"Ọ̀kan nínú mẹ́wàá, màmá. Níwájú lọ́yà."

Màmá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn.

"Lọ́yà tèmi ni o, kì í ṣe tìẹ."

Yurani bú sẹ́rìn-ín, ó gbà, ó dì mọ́ ọn.