Agbádá Pásítọ̀ Kò Lè Gbà Á

Ìró kan wà tí Nùrẹ́nì kò gbàgbé láti ìgbà èwe rẹ̀ ní Ìkòtún: ìró omi lẹ́nu bàbá rẹ̀, Àmúsà. Bí Àmúsà bá jókòó ti búútà láti ṣe àlùwàlá, á kó omi sẹ́nu, á mì ín kúlú-kúlú-kúlú, á wá tu ú dànù pàà. Kíá ni bàbá Lucy, aládùúgbò wọn tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, á ti dáhùn láti ojú fèrèsé kejì:

"Àmúsà, ṣé kànga lo fẹ́ gbẹ́ síbẹ̀ ni? Fi omi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọbẹ̀ jàre."

Àmúsà á ní, "Ìwọ tó o ń fi ohùn ewúrẹ́ kọrin ní gbogbo ọjọ́ Ọ̀sẹ̀, ṣé Ọlọ́run bẹ̀ ọ́ ni?"

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi dé. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà Ìkòtún nígbà yẹn, ilé ò pọ̀, ẹni tó bá sì fi ẹ̀sìn rẹ bá ọ ṣẹ̀fẹ̀, ó ti kà ọ́ kún ará ilé rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Àmúsà, bàbá Lucy ló dúró ti sàréè títí wọ́n fi bò ó tán.

Irú ẹ̀fẹ̀ yẹn ni Nùrẹ́nì rò pé òun ń ṣe lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó ń gbé ní Ìjẹ̀gùn. Télọ̀ ni. Òun ló rán agbádá tuntun tí Pásítọ̀ Charles wọ̀ lọ́jọ́ náà. Pásítọ̀ pè é, ó lọ, ó jókòó sẹ́yìn, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó délé, ó kọ ọ́ sórí Wáàsáàpù àdúgbò:

"Oogun po lara Pasito yin ju. Agbada ti mo ran ko le gba a."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ jẹun.

Kó tó jẹun tán, ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò kan. Wọ́n ní Mùsùlùmí kan sọ pé Pásítọ̀ ń lo oògùn, pé oògùn náà pọ̀ débi pé agbádá ò bò ó mọ́. Ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí Baruwa, ẹlòmíì fi ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́dá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Hope, ọmọ onílé, kanlẹ̀kùn tòun ti ìwé lọ́wọ́.

"Bọ̀dá Nùrẹ́nì, ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ̀bẹ̀ ni, pé ẹ bú ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, kí ẹ kó jáde ní Fúráídè."

"Ta ni mo bú?"

"Ẹ ka ohun tí ẹ kọ ná."

"Mo mọ ohun tí mo kọ, ẹ ò sì bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ìwé wá. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní fọwọ́ sí i."

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti gbé nínú yàrá méjì yẹn. Ibẹ̀ ló bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí. Sìkírátù, ìyàwó rẹ̀, fà á lẹ́wù.

"Bàbá Fàthíà, ìwé lásán ṣá ni. Ibo la fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ?"

"Bí mo bá fọwọ́ sí i, mo ti gbà nìyẹn pé mo pe ẹni tó pè mí wá síbi ìkórè rẹ̀ ní olóògùn. Ojú wo ni mo tún máa fi wọn aṣọ fún un?"

Abdulganiyy tí wọ́n jọ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí náà wá. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fèsì. Mo ní fídíò pásítọ̀ kan tó ṣubú lórí pèpéle. Ká jù ú síbẹ̀, kó dun àwọn náà."

"Èwo ló kan Pásítọ̀ Charles nínú ìyẹn? Pa á rẹ́."

Ní Tọ́sìdeè, Hope tún padà wá. Ó mú Ìyáàfin Olútáyọ̀ dání kí ó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà sì ni. Ó wo fóònù, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un wò.

"Hope, kà á sókè."

"Oògùn pọ̀ lára Pásítọ̀ yín jù."

"Ta ló sọ fún ọ pé oògùn ni? Ṣé àmì wà lórí rẹ̀?"

"Kò sí, Mà."

"Òógùn lèmi kà. Omi tó ń jáde lára. Àbí o ò wá sí ìkórè ni? Iná lọ, fáànù kú, Pásítọ̀ gbé òfì wọ̀. Àyà agbádá yẹn tutù bí ìnura."

Hope wolẹ̀. "Ṣùgbọ́n inú ti bí àwọn èèyàn, Mà."

"Ta ló bi Nùrẹ́nì kí inú tó bí wọn? Ta ló pe Pásítọ̀?"

Kò sẹ́ni tó pè é. Màmá pè é níbẹ̀, ó gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Pásítọ̀ gbọ́rọ̀ tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Òógùn náà ni, Mà. Ẹ bá mi sọ fún un pé abíyá òsì agbádá náà ti ya. Ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n lé èèyàn nílé nítorí mi? Mi ò rán ẹnikẹ́ni."

Hope ká ìwé náà mọ́wọ́. "Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Ẹ máa gbé ilé yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣá bẹ̀bẹ̀ lórí Wáàsáàpù, kí ara wọn lè rọlẹ̀."

"Bẹ̀bẹ̀ kí ni?" ni Màmá wí. "Kó là wọ́n lọ́yẹ̀. Ìwọ náà, Nùrẹ́nì, ẹ̀fẹ̀ inú ilé lo gbé síta gbangba. Kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nùrẹ́nì kọ "ẹ dárí jì mí," ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa á rẹ́. Ohun tó wá fi ránṣẹ́ níkẹyìn rèé:

"Ẹ̀yin ará àdúgbò, èmi Nùrẹ́nì télọ̀ ni. Òógùn ni mo kọ, omi ara. Ó kù díẹ̀ káàtó pé mi ò fi àmì sí i. Màá máa fi sí i. Ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí mi ò sọ. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó jọ èébú sí ẹ̀sìn yín, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ síbòmíì. Ẹ bi ẹni tí wọ́n ní wọ́n bú bóyá ó dùn ún. Ẹ̀fẹ̀ tí ẹ ò lè ṣe lójú onítọ̀hún, ẹ má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀fẹ̀ bá sì dùn yín lóòótọ́, ẹ sọ ọ́ ká jọ yanjú ẹ̀. A kì í torí ẹ̀ lé èèyàn síta. Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí wa, ẹ má bá mi gbẹ̀san. Ọlọ́run tí à ń sìn kò kéré débi pé ẹ̀rín aládùúgbò á wó ilé rẹ̀. Èmi ṣì máa ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ máa fi ẹ̀sìn tèmi ṣẹ̀fẹ̀. Ilẹ̀kùn kẹta láti ẹnu géètì ni mo wà, mi ò sì kó lọ síbì kankan."