Ìwé Oko Obì Ìyá Wa

"Láwàlì, ka ìwé náà sí mi létí kí n tó tẹ ìka."

Ohun tí ìyá wa, Àṣàbí, sọ nìyẹn ní ìloro ilé wa l'Ọ̀tà, ní ọdún kejì tí ogun Hítílà parí. Mo wà níbẹ̀, mò ń bó obì sínú agbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi Láwàlì rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ni lọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Èkó. Lọ́yà náà ti ṣèlérí pé òun yóò rán an lọ sí ìlú òyìnbó láti kọ́ iṣẹ́ òfin bí ó bá ṣe dáadáa. Kí owó lè tó fún ìwé tirẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ èmi kúrò ní ìwé kẹta.

"Ìyá mi, òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ sọ ni mo kọ. Ẹ jẹ́ ká yára, lọ́rì Èkó ti ń fọn fèrè."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá," ni mo wí.

"Kàsúmù! Ṣé ìwọ tí kò ka ìwé kẹta tán ni yóò kọ́ mi níṣẹ́ lọ́yà? Bó obì rẹ, jàre!"

Bàbá Fọláwẹwọ́, oníṣòwò obì tí ó jókòó ti ìyá wa, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má jà nítorí tèmi o!"

Ohun tí òun àti ìyá wa jọ sọ kò ṣòro. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ lọ́tọ̀, igi orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá Fọláwẹwọ́ yóò ká obì oko wa ní Àtàn fún ọdún mẹ́ta, yóò sì fi páànù bo ilé wa tí ó ń jò. Lẹ́yìn náà, igi yóò padà sọ́wọ́ ìyá wa. Ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rárá.

Láwàlì kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé títà ilẹ̀ kan ló rí ní ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀, ó dà á kọ, ó kàn pààrọ̀ orúkọ ni. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé òun ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá wa ní Yorùbá, ó sì ti yé e. Ó fọwọ́ sí i. Ìyá wa tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn, ó nu íńkì sí etí ìró rẹ̀.

"Ọmọ mi ti di lọ́yà," ni ó wí.

Kí ọdún mẹ́ta náà tó pé, Bàbá Fọláwẹwọ́ kú. Nígbà tí ó pé, èmi àti ìyá wa gbé agbọ̀n lọ sí Àtàn. A bá àkọ́bí olóògbé àti àwọn lébìrà rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń gé igi obì lulẹ̀.

"Ìyá, n kò mọ ohun tí ẹ bá bàbá mi sọ," ni ó wí. "Ìwé ni mo mọ̀. Ìwé ní ẹ tà á."

Ọ̀rọ̀ di ti kọ́ọ̀tù. Láwàlì wá jẹ́rìí, ọ̀gá rẹ̀ sì bá a wá.

Adájọ́ na ìwé sí i. "O kọ ọ́ pé o ka èyí fún ìyá rẹ. Ṣé o kà á?"

Bí ó bá ní òun kò kà á, ó ti purọ́ nínú ìwé òfin nìyẹn, ìlú òyìnbó ti bọ́. Bí ó bá ní òun kà á, oko lọ. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Kò wo ìyá wa.

"Mo kà á, sà."

Adájọ́ yíjú sí ìyá wa. Ìyá wa ń fi àtàǹpàkò ra etí ìró rẹ̀.

"Bí ọmọ mi bá ní òun kà á," ni ó wí, "á jẹ́ pé ó kà á."

Bí oko ṣe lọ nìyẹn. Láwàlì wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí ó tó padà dé, ìyá wa ti kú lábẹ́ páànù yẹn.

Wọ́n ní ó ti di lọ́yà ńlá, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì máa ń ka ìwé ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìka. Wọ́n ní ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà pé: "Ẹ má da ìwé ẹlòmíràn kọ. Ẹ bi olóhun, ẹ kọ ohun tí ó sọ, ẹ kà á sí i létí. Ẹ má sì fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò ṣe."

Ìmọ̀ràn rere ni. Ẹ̀yin ọmọ tí ń kàwé, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kàwé sí létí ti wà nínú ilẹ̀, èmi kò sì tíì bá Láwàlì sọ̀rọ̀ títí di òní.