Ọ̀dà Pupa Lẹ́yìn Ẹlẹ́dẹ̀ Márùn-ún

"Kíákíá, èwo lo gún lábẹ́rẹ́ nínú wọn?"

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni ìyá Kíákíá ti ń bi í. Ẹyọ kan ṣoṣo ló gún lábẹ́rẹ́ níjẹta, tó sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ti wà lára márààrún báyìí.

Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bí èèyàn. Bí oòrùn bá mú, omi la fi ń wẹ̀ ẹ́ kí ara rẹ̀ lè tutù. Lẹ́yìn ìwẹ̀, wọn a sùn, wọn a fara ti ara wọn. Ìdí nìyí tí ìyá rẹ̀ fi máa ń ní kí ara ẹran gbẹ dáadáa kí wọ́n tó fi ọ̀dà sí i. Kíákíá kò dúró; ìnagijẹ rẹ̀ kò kúkú ṣàdédé wá. Ara tútù ló kùn lọ́dà, gbogbo wọn sì pín in.

Níta, awakọ̀ tó ń kó ẹran fún alápatà ń tẹ fèrè ọkọ̀. Ìwé tí ẹni tó ń tọ́jú ẹran gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí wà lórí pákó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí èyí tó gba abẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nínú ẹran náà.

Awakọ̀ yọjú. "Háà! Ṣé ìyàwó lẹ̀ ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò, yọ èyí tó pọ́n jù sílẹ̀, fọwọ́ síwèé, ká máa lọ. Ta ló máa mọ̀?"

Kíákíá mú bíírò. Bí ọkọ̀ bá lọ lófìfo, alápatà lè yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìyá rẹ̀ kò sì ní oníbàárà míì. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ́n jù lè jẹ́ èyí tó kàn sùn ti aláìsàn pẹ́ jù. Oògùn tó bá sì kù lára ẹran, inú ẹni tó jẹ ẹ́ ló ń lọ.

Ó gbé bíírò sílẹ̀. "Màámi, mi ò mọ èyí tó jẹ́. Ara tútù ni mo kùn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn dúró."

Ìyá rẹ̀ wo àwọn ẹran náà. "Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn yóò tún fi jẹun o. Ta ló máa po oúnjẹ wọn?"

"Èmi ni, mà."

Ìyá yíjú sí awakọ̀. "Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé wọn ò tíì yẹ ní jíjẹ."

Awakọ̀ pòṣé, ó wakọ̀ lọ.

Alápatà bínú, kò gbé ìpè ìyá fún ọjọ́ púpọ̀. Láràárọ̀ ni Kíákíá ń po oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí alápatà fúnra rẹ̀ wá, ó ní wọ́n ti lọ́ràá jù, ó sì dín owó wọn kù. Ìyá gbà á, kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìwé, alápatà kò tilẹ̀ kà á.

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni, sà."

"Ó tó. Awakọ̀ mi sọ fún mi pé o kọ̀, o ò fọwọ́ sí i níjọ́sí. Ẹ kó wọn sọ́kọ̀."

Ìkánjú ló ba iṣẹ́ Kíákíá jẹ́. Irọ́ ni ìbá ba Kíákíá fúnra rẹ̀ jẹ́.