Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Iná Wà ní Bajulaiye

Ìdí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Bajulaiye ni Wàhábì ti kọ́kọ́ rí Tófúnmi. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò èéfín, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ìgò ọwọ́ rẹ̀ bí ìyá ìkókó.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń jí níbẹ̀?"

"Èéfín yín ni. Àbí ẹ ṣì fẹ́ lò ó?"

Wàhábì tó ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó fún gbogbo Ṣómólú, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì láya, gbé àga jáde fún un.

Olùwádìí ni Tófúnmi ní yunifásítì. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló wà nínú ìgò náà. Afẹ́fẹ́ inú èéfín ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á sì sọ ọ́ di ọtí tí ẹ́ńjìnnì lè jó dípò bẹntiróò. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìgò ti di mẹ́fà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Wàhábì sì ti di Bàbá Kòkòrò, òun àti Tófúnmi sì ti ń fẹ́ra. Bàbá Tófúnmi, díákónì Onítẹ̀bọmi, kọ ọmọ Mùsùlùmí títí, ó gbà nígbẹ̀yìn.

Ó ku àwọn onígbọ̀wọ́ tó fẹ́ wá yẹ iṣẹ́ náà wò kí wọ́n tó fowó sí i. Bí wọ́n bá bá kòkòrò láàyè, Tófúnmi á máa ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di yunifásítì kan ní Jámánì, ọdún mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ gan-an ni Tófúnmi lọ sìnkú ìyá àgbà rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta.

"Máa tan jẹnẹrétọ̀ fún wọn láràárọ̀ o. Ebi kì í pẹ́ pa wọ́n."

"Ìwọ ṣáà lọ, olólùfẹ́ mi. Mo gbọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, iná dé. Àdúgbò hó yèè, Wàhábì náà hó, ó sì pa jẹnẹrétọ̀ bí gbogbo ọmọ Èkó ti ń ṣe. Iná ò lọ! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń tẹ̀wé tayọ̀tayọ̀, kò rántí ìgò àfi ìgbà tí ebi ti pa kòkòrò. Ayọ̀, abara tíntín.

Dọlápọ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbà á nímọ̀ràn: "Sọ pé jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí Tófúnmi dé, tó rí omi ìgò tó ti dúdú, Wàhábì ò lè parọ́.

"Iná wà. Mo gbàgbé wọn."

"Ọdún méjì ni mo fi tọ́ wọn, Wàhábì!"

Ẹkún ló sun. Ó dun Wàhábì ju kó bú u lọ.

Àwọn onígbọ̀wọ́ dé, òkú kòkòrò ni wọ́n bá, ó sì di Jámánì. Lọ́jọ́ ìrìn-àjò, Wàhábì sìn ín dé ibùdókọ̀ Fádèyí.

"O ò tiẹ̀ ní ní kí n má lọ?"

"Èmi tí mo ba iṣẹ́ ẹ jẹ́? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Lọ, ìfẹ́ mi. Lọ tọ́ òmíì."

Tófúnmi dì mọ́ ọn. "Inú ṣì ń bí mi sí ẹ, ó sì máa pẹ́ kó tó tán. Mi ò lè fẹ́ ẹ báyìí. Mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíì."

Wàhábì ní òun gbà bẹ́ẹ̀. Ó bá a gbé àpótí sínú ọkọ̀.