Ibi Tí Ọ̀rá Ti Ń Kọjá

Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ sórí maikirosíkóòpù nínú yàrá tó ṣókùnkùn, iná aláwọ̀ ewé ń tàn sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ilẹ̀kùn yẹn dé. Ìmọ́lẹ̀ á jẹ́ kí aró mi ṣá."

Ó pa á dé, àmọ́ inú ló dúró sí. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Gíláàsì tó ń ya iná pupa sọ́tọ̀ kúrò lára iná aláwọ̀ ewé ló wá pààrọ̀. Ọmọbìnrin yìí gbà á lọ́kàn, ó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

"Ẹ wá wo nǹkan. Ẹ̀yà méjì nínú sẹ́ẹ̀lì nìyẹn, ọ̀kan pupa, èkejì aláwọ̀ ewé. Àwọn kan ní inú àpò kéékèèké ni ọ̀rá ń wọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Èmi ní wọ́n ń fara kanra ni, tí ọ̀rá á fi kọjá. Bí pupa àti ewé bá wà lójú kan náà, ìyeyè ni wọ́n ń dà, nítorí náà ibi tó yọ àwọ̀ ìyeyè yẹn ni wọ́n ti pàdé."

"Wọ́n mà mọwọ́ ara wọn o."

"Ṣé ẹ̀ ń jowú wọn ni?"

"Díẹ̀."

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "ìwọ". Ọkùnrin náà sọ ọ́ ní Ọlọ́ràá nítorí iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná.

Àmọ́ bàbá ọmọbìnrin náà kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó ti kìlọ̀ pé bí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ò bá gba ìwádìí yìí, kí ọmọ òun di ẹrù rẹ̀, kó wá máa bá òun gbé lókè òkun.

Ó ku ọ̀la kí ìgbìmọ̀ jókòó nígbà tí ọkùnrin náà ṣí ẹ̀rọ láti nù ún. Gíláàsì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, iná ewé ń jò sínú pupa. Ìyeyè yẹn lè jẹ́ irọ́ lásán. Bó bá sọ ọ́, ó pàdánù ọmọbìnrin náà nìyẹn. Bó bá dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

"Ọlọ́ràá, èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́." Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo rí ọ. Ìwọ ni mò ń wò."

Kò rẹ́rìn-ín. "Pààrọ̀ rẹ̀ báyìí."

Wọ́n tún un wò. Ìyeyè tó kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ pòórá, ó ku ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò yẹsẹ̀. Ọmọbìnrin náà dìde, ó jáde lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ òótọ́ fún ìgbìmọ̀. Wọ́n ní kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó padà sí yàrá maikirosíkóòpù, bàbá rẹ̀, tó ti òkè òkun wá nítorí ìpàdé náà, tẹ̀ lé e, ó ti gbé àpótí ẹrù ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló fi iṣẹ́ rẹ ṣòfò báyìí?"

Ọmọbìnrin náà nawọ́ sí ọkùnrin náà, tó dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

"Òun ni, Bàbá. Ì bá ti dákẹ́. Àmọ́ kò jẹ́ kí n lọ dúró ti irọ́ níwájú àwọn èèyàn. Ìwọ̀nba tó kù yẹn, mo gbà pé òótọ́ ni, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la sì jọ máa tún un ṣe. Òun ni mo máa fẹ́."

Omi lé sí ọkùnrin náà lójú. Bàbá wò ó títí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó gbé àpótí sílẹ̀.

"Ẹ fún mi níjòókòó," ó ní.