Báàgì Ìlera Tó Sọnù Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀

Títì ni kọ́bọ́ọ̀dù wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú agolo mílíìkì tí Nadège, tó ń tọ́jú ìwé ọ́fíìsì, máa ń fi í sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí i lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, báàgì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ gbogbo igun rẹ̀, lẹ́yìn náà ló jókòó sórí síménti.

Àpòòwé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba kan nílùú Lomé ló wà nínú báàgì náà. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn sínú ohun tí wọ́n ń pè ní àpò ìlera. Ẹni tó bá ṣàìsàn yóò kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ gba ìtọ́jú. Yóò kó ìwé dókítà jọ, yóò ṣí ìlẹ̀mọ́ kékeré tó wà lára páálí oògùn, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, yóò sì gba owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì àpò ìlera kí ọdún tó parí. Lọ́dún yìí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá dé lẹ́yìn ìyẹn, owó rẹ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni Chantal, tó ń tẹ̀wé fún ọ̀gá. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú kan fún ọmọbìnrin rẹ̀, ojú kejì sì ń ṣú lọ. Ilé ìwòsàn ní àwọn yóò ṣe ìkejì bó bá ti mú ìwé wá pé àpò ìlera ti gba ẹ̀rí ti àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tó ná sórí ojú àkọ́kọ́ ló wà nínú báàgì yẹn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọmọ́yẹni ni àwọn ọlọ́pàá rán wá. Obìnrin gíga ni, ọmọ Atakpamé, kì í sì í gbé ohùn sókè. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo agolo, ó sì yí sí Nadège.

“Ta ló mọ̀ pé inú agolo ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé?”

“Gbogbo wa, Madáàmù. Àlejò nìkan ni kò mọ̀.”

“Ta lo fura sí?”

“Donald ẹlẹgbẹ́ wa ni. Mo ti di báàgì, mo ti lu èdìdì mọ́ ọn, kó tó gbé ìwé tirẹ̀ dé. Mo ní mi ò lè tú u mọ́. Ó ní bí tòun ò bá lọ, ti ẹnikẹ́ni ò ní lọ. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?”

“Bí ẹnì kan bá fẹ́ gba àpòòwé rẹ̀ padà lẹ́yìn tó o ti di báàgì ńkọ́?”

“Á sọ ìdí fún ọ̀gá. Èmi á sì ṣí àpòòwé náà yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀gá kí n tó dá a padà fún un. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é.”

Ẹni kejì tí Ìnsípẹ́kítọ̀ pè ni Serge, tó ń ṣe ìṣirò owó. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó ní òun wà nínú ọ́fíìsì òun lọ́sàn-án, òun tẹ́ ẹní, òun sùn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Lomé ti máa ń ṣe. Ọmọ́yẹni gbọ́ bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ó fi Faransé sílẹ̀, ó sì bọ́ sí èdè ilé.

“Ará Atakpamé ni ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ilé ńkọ́? Màmá ńkọ́?”

“Àlàáfíà ni màmá wà. Ẹsẹ̀ ló kàn ń dùn wọ́n. Wọ́n ń lo oògùn.”

“Kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà. Ìwé tìẹ náà wà nínú báàgì?”

“Ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi kò tó nǹkan. Ti Chantal ni kí ẹ bá wa wá, mà. Ojú ọmọdé ni.”

Donald wọlé tòun ti ẹ̀rín. Abọ́ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan funfun tó ń fà sì wà nínú rẹ̀.

“Kí nìyẹn?” Ọmọ́yẹni béèrè.

“Gọ́ọ̀mù wa ni, Madáàmù. Gàrí ni wọ́n rò. Ọ̀gá ní kò sí owó gọ́ọ̀mù títí ọdún tuntun, la bá ń fi oúnjẹ lẹ ìwé. Bí ebi bá pa ọ́, o lè lá ìwé ẹ̀rí rẹ.”

“Nadège ní o lérí.”

“Mo lérí. Ẹnu mi ló ń pariwo, ọwọ́ mi kì í jalè. Àwọn ará àdúgbò Aflao-Gakli tí mo jẹun lọ́dọ̀ wọn lọ́sàn-án yóò sọ fún yín. Àwa tá a jọ sin ìyá Serge nígbà òjò, tí mo jó títí ìsàlẹ̀ bàtà mi fi ṣí! Nadège fúnra rẹ̀ ló ń nu omijé fún mi lọ́jọ́ náà. Lónìí ó ní olè ni mí.”

Ọmọ́yẹni wò ó. “Ìyá Serge wo?”

“Mélòó ni ìyá tó ní?”

Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí Donald máa lọ, kó má sì jẹ gọ́ọ̀mù náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ́fíìsì tú ká. Àwọn kan sáré lọ sí fáámásì ní Amoutivé láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún rìsíìtì kọ, àwọn kan lọ bá dókítà wọn. Donald ń kiri sọ pé òun nìkan ni ìwé òun kò sọnù, nítorí pé Nadège kọ̀ ọ́. Serge kò lọ síbì kankan. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó fi owó ọ̀kadà sọ́wọ́ Chantal pé kó lọ bẹ ilé ìwòsàn.

“Ẹ ṣé, Fòfó,” ni Chantal wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nílùú Lomé. Serge yí ojú rẹ̀ kúrò bí ẹni tí wọ́n ta eérú sí lójú.

Ọmọ́yẹni rí i. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ọlọ́dẹ. Ilé ìgbẹ́ àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Èèrà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀ wọlé.

“Wọ́n máa ń kó oúnjẹ síbí ni?” ó bi ọlọ́dẹ.

“Àga lásán ni, Madáàmù.”

“Kí wá ni èèrà ń wá lọ sọ́dọ̀ àga?”

Báàgì wà lábẹ́ àwọn àga náà, èèrà bò ó. Wọ́n ti já èdìdì rẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Ọmọ́yẹni pe gbogbo wọn jọ sí yàrá ìpàdé. Ó da àwọn àpòòwé sórí tábìlì, ó gbọn èèrà kúrò lára wọn.

“Kí kálukú mú tirẹ̀,” ó wí.

Wọ́n rọ́ bo tábìlì. Chantal rí tirẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà. Donald ò ní nǹkan kan láti mú, síbẹ̀ ó ń wò. Serge nìkan ló dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Serge, ìwọ ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú tán, mà.”

“Wọ́n ti mú tán. O kò tilẹ̀ wo tábìlì, nítorí o mọ̀ pé tìẹ kò sí níbẹ̀.” Ó sún mọ́ ọn. “Lánàá, mo kí ọ bí ará ilé ṣe ń kí ará ilé. O ní àlàáfíà ni màmá wà, wọ́n ń lo oògùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé gbogbo ọ́fíìsì yìí ló sin ín. Mo bi ara mi léèrè ohun tó lè mú kí ọmọ jí ìyá rẹ̀ tó ti kú dìde níwájú ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo èèyàn ń béèrè ìwé tirẹ̀, ìwọ ń béèrè ti Chantal. Olè tó fẹ́ owó kì í ronú nípa ojú ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń jẹ níyà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí lo kọ sínú àpòòwé rẹ?”

Serge kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó wá jókòó sídìí tábìlì.

“Oògùn màmá ni,” Serge wí. “Mo bẹ àwọn aládùúgbò ní páálí oògùn wọn, mo ṣí ìlẹ̀mọ́ wọn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ orúkọ màmá. Mi ò tíì sọ fún àpò ìlera pé màmá ti kú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé a gbọ́ pé lọ́dún yìí wọn yóò máa lọ sílé wo àwọn aláìsàn. Bí wọ́n bá ní kí n mú wọn lọ sọ́dọ̀ màmá, ibojì ni màá mú wọn lọ. Bí mo bá sì ní kí Nadège dá àpòòwé mi padà fún mi, yóò ṣí i. Òun náà sunkún nígbà ìsìnkú. Báwo ni màá ṣe dúró níwájú rẹ̀? Mo fẹ́ yọ tèmi nìkan, kí n dá báàgì padà kí wọ́n tó jí. Nadège ló tètè dé, ni mo bá fi báàgì pamọ́ sí ilé ìgbẹ́ àtijọ́. Mo sun tèmi nínú iná.”

Nadège bo ẹnu rẹ̀. “Mo ní Donald ni,” ó wí jẹ́jẹ́, kò sì lè wo Donald lójú.

Chantal ṣì di àpòòwé rẹ̀ mú. “Madáàmù, ṣé ẹ máa kó báàgì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ni?”

Òfin ní ẹ̀rí kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ́yẹni mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ yóò sọ. Ó wo Chantal, ó wo oòrùn lójú fèrèsé.

“Àgọ́ ọlọ́pàá kì í tì,” ó wí. “Ọ́fíìsì àpò ìlera ló máa tì. Ẹ kó wọn padà sínú báàgì. Donald, fi tìẹ sí i. Mọ́tò wa ni yóò gbé yín lọ.”

Báàgì dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn. Obìnrin tó wà lójú fèrèsé òǹtẹ̀ gbá èèrà kan kúrò lórí ìwé Chantal, ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí Chantal jáde, Serge wà ní ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́.

“Chantal, dárí jì mí.”

Chantal yí sí i. “Ojú ọmọ mi, mo lè dárí ìyẹn jì ọ́, Fòfó. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo sọ di aláìsàn lẹ́yìn ikú, ìyá rẹ ni.”

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ́yẹni ní kí awakọ̀ máa wa ọkọ̀ lọ. Ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá gba ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú tí wọ́n sin ìyá Serge sí kọjá. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Serge tẹ orí rẹ̀ ba sórí orúnkún, kò sì gbé e sókè títí ọkọ̀ fi kọjá.